Míta Tí Wọ́n Ń Sá Sóòrùn

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, kò sí ohun tí wọ́n lè bi mí tí n kò ní ìdáhùn sí. Bí ọlidé gígùn bá ti dé, mo máa ń gbé àpótí ìwé mi padà sí agboolé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Láàárọ̀, n ó so táì, n ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, n ó sì jókòó síbẹ̀ kí àwọn tó ń kọjá lè rí i pé mo ń kàwé. Ooru Èkó kì í ṣe ooru tí ènìyàn ń so táì sí. Ṣùgbọ́n bí n kò bá so ó, kí ni wọn yóò fi mọ̀?

Físíìsì ni mo ń kà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo fi í sílẹ̀, mo lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ka ìtàn àti ewì, kò sì sí olùkọ́ físíìsì kankan tó sunkún. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí wà lára ìdí tí mo fi kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èsì ìdánwò náà kó ipa tirẹ̀.

Bàbá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni agboolé náà. Yàrá méjì tó kọjú sí òpópónà ni wọ́n fi fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wá láti òkè. Onígbàjámọ̀ kan, ọmọ Ọ̀yọ́, ló ń fá orí àwọn ènìyàn nínú èkíní. Onífọ́tò kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló wà nínú èkejì. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni onífọ́tò yìí, ó sì máa ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mì. Ó kọ ọ́ sára pátákó ìta rẹ̀ pé òun ni onífọ́tò àwọn ọba àti àwọn ìjòyè. N kò rí ọba kankan níbẹ̀ rí. Ìjòyè kan dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè ọ̀nà Tinúbú, ó sì lọ.

Síbẹ̀, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà ló ti máa ń ya ènìyàn, lábẹ́ ìbòòji òrùlé. Yóò wo ògiri ilé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò wo ojú ẹni tó jókòó, yóò di ojú rẹ̀ kan, yóò wá pinnu iye tí òun máa kà kí òun tó dé ojú kámẹ́rà padà. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ ení péré, nígbà mìíràn ó lè dé ẹ̀rin. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, ọ̀gá rẹ̀ náà kò sì ṣàlàyé ohunkóhun fún un, àfi ìkó tó máa ń kó o lórí bí fọ́tò bá bàjẹ́.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, òyìnbó kan tó ń kó kúrò ní Ìkòyí ta àwọn ẹrù rẹ̀, onífọ́tò wa sì ra míta tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú wọn. Nǹkan náà kò tóbi ju páálí ìṣáná méjì tí a fi ara wọn tira wọn lọ. Gíláàsì tó rí kókó-kókó bí afárá oyin wà ní iwájú rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan sì wà lórí rẹ̀ lókè. Bí wọ́n bá kọjú gíláàsì náà sí ìmọ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ yóò dìde. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ bò ó, abẹ́rẹ́ yóò sùn. Onífọ́tò fi okùn gbé e kọ́rùn, kò sì fẹ́ bọ́ ọ.

"Fọ́tò ti di dókítà," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kó gbọ́ àyà yín kó tó yà yín."

Èmi ni onífọ́tò mú un tọ̀ wá. Sáyẹ́ǹsì ló máa ń pè mí.

"Sáyẹ́ǹsì, mo ti tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Kò sí bátìrì. Kò sí wáyà tó ti ìta wọlé. Kí ló wá ń ti abẹ́rẹ́?"

N kò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Èyí kò dí mi lọ́wọ́. Mo bọ́ sójú ọ̀nà, mo gba ẹfun lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán sára ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn, tí wọ́n fi nǹkan kan tí ń jẹ́ sẹlẹ́níọ̀mù kùn lójú. Mo ní nínú nǹkan yìí ni àwọn ohun tíńtìntín kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹ̀lẹ́tíróònù, tí oníkálukú wọn jókòó jẹ́ẹ́ sí àyè rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni yóò wọlé wá lé wọn dìde. Bí wọ́n bá sì ti dìde, ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tó gbà kí wọ́n jáde, tí kò gbà kí wọ́n padà gba ibẹ̀ wọlé. Dandan ni kí wọ́n gba inú wáyà yí ká kí wọ́n tó délé. Ìrìn tí wọ́n ń rìn nínú wáyà yẹn ni à ń pè ní iná mànàmáná, òun náà ló sì ń ti abẹ́rẹ́.

"Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀," mo ní, "àwọn tó máa dìde á pọ̀, abẹ́rẹ́ á lọ jìnnà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá tán, kóówá á jókòó. Oòrùn ló di iná yẹn, lójú yín báyìí, láìsí èéfín, láìsí ariwo."

Gẹ́gẹ́ bí àlàyé, kò burú. Mo lè dúró tì í títí di òní. Ibẹ̀ ló sì yẹ kí n ti pa ẹnu mi dé.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti dúró. Mo wá sọ fún wọn pé mo kà nínú ìwé ìròyìn kan ní yàrá ìkàwé lápá Tinúbú pé àwọn òyìnbó ní Amẹ́ríkà ti rí nǹkan mìíràn, tí wọ́n ń yọ jáde láti inú iyanrìn, tó ń sọ oòrùn di iná tó lágbára ju ti inú míta yìí lọ fíìfíì. Mo ní kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa tò ó sórí òrùlé bí páànù, tí oòrùn yóò sì máa tan gílóòbù ilé.

"Oòrùn á máa tan gílóòbù," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lọ́sàn-án."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lọ́sàn-án tí oòrùn fúnra rẹ̀ ti wà níta. Tí ilẹ̀ bá wá ṣú ńkọ́?"

Mo ní àwọn onímọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn.

"Kí wọ́n rọra máa ṣe é," ó ní. "Tí wọ́n bá sì ṣe é tán, ẹ máa wò ó, Ìkòyí ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé oòrùn náà lọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi onífọ́tò. Òun ń ronú. Mo sì mọ ohun tó ń rò, nítorí ní agboolé wa, kò sí ẹni tí kì í sá bátìrì. Bí tọ́ọ̀ṣì bá ti ń tàn bàìbàì, wọ́n á yọ bátìrì inú rẹ̀, wọ́n á tò ó sórí ògiri kúkúrú ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata tí wọ́n sá, kí oòrùn lè dá okun rẹ̀ padà. Ó sì máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì sí i kó tó kú pátápátá, ìyẹn sì tó fún wọn láti gbà pé oòrùn ni oògùn rẹ̀.

"Sáyẹ́ǹsì," ni onífọ́tò wí, "ṣé ó yẹ kí n máa sá a nìyẹn, bí a ti ń sá bátìrì?"

Ìdáhùn méjì ló wà fún ìbéèrè yìí. Èkíní ni rárá. Èkejì ni n kò mọ̀, n kò sì tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ìyẹn. Mo tún táì mi ṣe, mo ní, "Kò sí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe lè pọ̀ jù fún un."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin nílò fọ́tò. Ìyá ni gbogbo agboolé ń pè é. Abọ́ tánganran ló ń tà, ó ti di opó tipẹ́, ohun kan ṣoṣo tó sì kù tó ń fẹ́ láyé ni kí ó dé Mẹ́kà. Ní ọdún tó ṣáájú, àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbéra, olórí àwọn arìnrìn-àjò sì fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀. Lọ́dún yìí, ó ti gba àyè padà. Olórí náà wá kéde pé ẹni tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò bá tẹ òun lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà kí ó jókòó sílé. Ìwé ìrìnnà kò sì lè jáde láìsí fọ́tò. Ìyá ti dàgbà dé ibi tó fi ń sọ̀rọ̀ nípa ọdún tó ń bọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí òun kò mọ̀ dáadáa.

Ó wé gèlè funfun, ó da ìborùn funfun lé e, ó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù. Onífọ́tò gbé míta sún mọ́ ọn lójú.

"Kí nìyẹn?" ni Ìyá béèrè.

"Míta ni, Ìyá. Ó ń wo ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú yín."

"Ojú mi tó dúdú báyìí?"

"Á rí i, Ìyá."

Onífọ́tò wo abẹ́rẹ́, ó wo ògiri òdìkejì, ó tún wo abẹ́rẹ́. Oòrùn ń ta lójú ọ̀nà débi pé àwọn ewúrẹ́ ti sá lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Míta ní kí n ka mẹ́rin. Ojú mi ń sọ pé ení."

Mo sọ fún un pé ojú ènìyàn a máa tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kò mọ ẹ̀tàn. Mo sọ èyí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ka mẹ́rin.

Nígbà tí fọ́tò jáde, Ìyá ti di funfun. Gèlè, ìborùn, iwájú orí, gbogbo rẹ̀ wọ inú ara wọn bí ìgbà tí wọ́n da ẹ̀kọ gbígbóná sórí páálí. Ojú méjì ló hàn, pẹ̀lú ihò imú. Onífọ́tò tún un tẹ̀, ó jẹ́ kó pẹ́ sí i nínú omi, ó sì di àwọ̀ eérú. Nítorí pé àwa méjèèjì gbà pé ohun tí míta sọ kò lè jẹ́ àṣìṣe, a pinnu pé bébà rẹ̀ ni kò dára.

Mo tẹ̀ lé Ìyá lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ìrìnnà. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin oníwọ̀nba ọ̀rọ̀. Ó gbé fọ́tò náà sókè.

"Màmá, ta ni òyìnbó yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kọ́. Ẹni yìí ò ní àgbọ̀n. Ẹ lọ mú èyí tó ní àgbọ̀n wá."

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n tún un yà. Òjò ti ṣú lọ́jọ́ náà, abẹ́rẹ́ kàn gbọ̀n díẹ̀ ni, ó sùn padà. Onífọ́tò kà títí a fi rò pé ó gbàgbé ara rẹ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, a gbé èkejì lọ. Akọ̀wé wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Òyìnbó ìjọ́sí nìyí," ó ní. "Ó jọ pé ó ti kú." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ojú tí Ìyá fi wò ó. "Màmá, ọjọ́ méjì gbáko ni iṣẹ́ lórí ìwé yìí máa gbà wá. Tí fọ́tò tó dáa ò bá dé ibí lọ́la, ẹ ò lè rí i gbà kó tó di Jímọ̀."

Onífọ́tò ńlá kan wà ní Tinúbú, a sì yà síbẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ kan ni òun fi ń fọ fíìmù.

Lójú ọ̀nà ilé, Ìyá ló ṣáájú títí a fi dé ẹnu òpópónà wa. Ó wá dúró.

"Ìwọ wò mí. Ṣé ojú mi wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá."

"Kí ló dé tí míta ò rí i?"

Mo ní n ó lọ wádìí.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, onífọ́tò wà lórí àpótí, ó na ọwọ́ sí orí páànù òrùlé. Míta ló mú sọ̀ kalẹ̀. Ó fi aṣọ dì í mú. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí n jù ú sílẹ̀, nítorí ó gbóná bí páànù ìdíngààrí.

"Ó ti yó," ni onífọ́tò wí.

"Láti ìgbà wo ni ẹ ti ń gbé e síbẹ̀?"

"Láti ọjọ́ tí o ti bá wa sọ̀rọ̀. Tí mo bá ti kírun àsùbáà tán, mo máa gbé e sókè, ó di ọ̀sán kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àfi tí iṣẹ́ bá wà." Ó sún mọ́ mi. "Ṣùgbọ́n ó jọ pé kò tó o. Okun rẹ̀ ń dínkù. Mo ń rò ó pé kí n máa fi ìrọ̀lẹ́ kún un."

Mo kọjú gíláàsì sí oòrùn ọ̀sán gangan. Nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, irú oòrùn yìí máa ń gbé abẹ́rẹ́ lọ kan ògiri lápá kejì. Lónìí, kò dé ìdajì. Onífọ́tò gbà á, ó gbé e kọ́rùn, mo wọlé lọ tú ìwé mi. Ó wà níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kan, nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí n kò kà nígbà tí mo ń fi ojú ewé náà hàn àwọn tó ń kọjá: ooru a máa ba sẹlẹ́níọ̀mù jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ooru kọ́. Kò sì ní ibi tí ó ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ sí. Ó ń ná an bó ti ń dé ni. Onífọ́tò ti ń dín in lórí páànù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ní àṣẹ mi. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ tí míta ń rí kò tó ìdajì mọ́, ó ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti ń ṣú ní ọ̀sán gangan, onífọ́tò sì ń kà títí ìmọ́lẹ̀ fi ń bo ojú Ìyá.

Ìyá ti jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo jáde. Onígbàjámọ̀ náà ti pa iṣẹ́ tì. Mo kọ́kọ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìṣòro náà, bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, a lè sọ pé ó níí ṣe pẹ̀lú bí ooru ṣe ń hùwà sí àwọn irú nǹkan kan.

"Sọ ọ́ kó yé mi," ni Ìyá wí.

"Míta ti bàjẹ́, Ìyá. Sísá tí wọ́n ń sá a ló bà á jẹ́."

"Ta ló ní kí wọ́n máa sá a?"

"Èmi ni."

Onífọ́tò wo ilẹ̀. Ohun tí mo retí ni pé kó bínú, n kò retí pé ojú á tì í fún mi. Onígbàjámọ̀ ní, "Èmi tiẹ̀ rò pé wọ́n ní kò lè pọ̀ jù fún un," kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí o sọ bẹ́ẹ̀," ni Ìyá wí, "ṣé o mọ̀ ni, àbí o kàn sọ ọ́?"

"Mo kàn sọ ọ́."

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ dájú nínú ọlidé náà nìyẹn. Ìyá kọjú sí onífọ́tò.

"Fọ́tò, kí nǹkan yìí tó dé, kí lo fi ń yà?"

"Ojú mi ni, Ìyá."

"Ṣé ó ti fọ́ ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Ó dáa. Gbé àga wá, kí oòrùn tó lọ."

Onífọ́tò gbé àga wá. Ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó tún un gbé, ó sì rí i pé ọwọ́ òun ti tún lọ sọ́dọ̀ míta. Ó bọ́ ọ lọ́rùn, ó gbé e fún mi.

"Bá mi mú un. Má jẹ́ kí n rí i."

Ó wo ògiri òdìkejì fún ìgbà pípẹ́. Ó ní kí Ìyá sún àga sẹ́yìn díẹ̀. Ó wo gèlè funfun.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wé èyí tó dúdú. Funfun yìí ń bá ojú yín jà."

"Funfun ni mo fẹ́ wọ̀ dé Mẹ́kà."

"Ẹ ó wọ̀ ọ́ dé Mẹ́kà. Èyí tí ẹ máa fi kúrò l'Ékòó la fẹ́ yà yìí."

Ìyá wọlé, ó wé aláró. Ìkúukùu kan kọjá lójú oòrùn, onífọ́tò sì dúró dè é kó lọ. Ìmọ́lẹ̀ padà sára ògiri, ó sì dúró sójú kan.

"Ẹ má mì, Ìyá."

Míta wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo rí i bí abẹ́rẹ́ ṣe dìde díẹ̀, ó ṣì ń sọ ìwọ̀nba oòrùn tó kù tó lè rí di iná, ó sì ń sọ pé mẹ́rin, mẹ́rin. Mo mọ̀ pé Ìyá ń wò mí. Mo pa ẹnu mi mọ́.

"Ení," ni onífọ́tò wí, ó sì dé ojú kámẹ́rà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fọ́tò náà jáde. Gbogbo ojú Ìyá ló wà níbẹ̀: ilà rẹ̀, ìrúnjú rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀, àti ojú méjì tó tẹjú mọ́ ẹnì kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà. Akọ̀wé wo fọ́tò, ó wo Ìyá, ó tún wo fọ́tò.

"Ẹ̀yin gan-an nìyí. Ẹ̀yin àti ta ni ẹ ní ìjà báyìí?"

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé fún un bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi," ó sọ fún akọ̀wé, "lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé."

Ó lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, ìwé náà jáde. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún olórí àwọn arìnrìn-àjò, ó sì dúró tì í títí ó fi kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, n kò sì so táì.